Omi Ni Eérú Rẹ̀: Bí Háídrójìn Ṣe Ń Di Epo Ọkọ̀

Ẹ ti gbọ́ ìròyìn náà. Ní oṣù Keje ọdún 2025, Stellantis, iléeṣẹ́ tó ni Peugeot, kéde pé àwọn ò bá ọkọ̀ háídrójìn lọ mọ́. Wọ́n ní ibùdó tí wọ́n ti ń ta á kò tó nǹkan, owó tó ń gbà pọ̀, àwọn ò sì rí i pé ọjà rẹ̀ á yá kí ọdún 2030 tó dé. Lọ́dún tó ṣáájú, Shell ti ti àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń rọ háídrójìn fún ọkọ̀ kékeré ní Kalifọ́níà pa.

Rewáyà tó ń bá mi tún wáyà ọkọ̀ ṣe ní Ládípọ̀, Mushin, ló fi ìròyìn yìí hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ó ti parí èrò lórí ọ̀rọ̀ náà ní tirẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn elépo ló rà wọ́n. Ọkọ̀ tó ń fi omi rìn! Tí irú ẹ̀ bá dé Èkó, ta ló tún máa lọ tò sílé epo?"

Mi ò bá a jiyàn. Ẹni tó di wáyà ọkọ̀ ẹni mú kì í ṣe ẹni à ń bá fa ọ̀rọ̀. Àmọ́ gbólóhùn yẹn, "ọkọ̀ tó ń fi omi rìn", kò kúrò létí mi, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ háídrójìn ti máa ń dojú rú. Ọkọ̀ háídrójìn kì í mu omi. Omi ló ń tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi orúkọ rẹ̀ wò ó. Ní ọdún 1766, Henry Cavendish, ará Ìlú Ọba, ṣàlàyé afẹ́fẹ́ kan tó ń jáde bí èèyàn bá da ásíìdì lé irin. Ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ fíìfíì, ó sì ń yára gbiná. Nígbà tó yá tó dáná sun ún nínú ìgò, ìrì omi ló rí lára ìgò náà. Antoine Lavoisier, ará Faransé, ló sọ ọ́ lórúkọ kí ọdún 1790 tó dé. Èdè Gíríìkì ló ti mú orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "èyí tó ń bí omi".

Iná tó ń bí omi! Ó ṣàjèjì létí, nítorí ọ̀tá la mọ iná àti omi sí. Ṣùgbọ́n tí igi bá jó, eérú ló ń kù. Tí háídrójìn bá jó, tó dà pọ̀ mọ́ ọ́ksíjìn inú afẹ́fẹ́, omi ló ń kù. Omi ni eérú háídrójìn. Gbogbo omi tó wà nínú Ọ̀sà, nínú kànga, nínú táǹkì orí òrùlé yín, háídrójìn tó ti jó tán láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni. Ta ló wá ń fi eérú dáná?

Ibi tí eérú yìí fi yàtọ̀ sí ti ìdí àdògán ni pé a lè sọ ọ́ di igi padà. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dá gbogbo agbára tí iná àkọ́kọ́ mú jáde padà, kó sì san èlé lé e.

Ẹni tó ní ìnfátà oníbátìrì olómi nílé ní Surulere tàbí Yaba ti ń san èlé yìí láìmọ̀. Ṣebí ó ní ìgbà tí ẹ máa ń bu omi bátìrì sí i? Níbo ni omi tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbà lọ? Díẹ̀ gbẹ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀, iná ló yà á sí méjì. Nígbà tí bátìrì bá ti yó tí iná ṣì ń wọlé sí i, iná náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ya omi: háídrójìn á gba ẹ̀gbẹ́ kan jáde, ọ́ksíjìn á gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Ohun tó ń hó wúyẹ́wúyẹ́ nínú bátìrì nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé ká gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣáná nítòsí rẹ̀. Ní ọdún 1800, William Nicholson àti Anthony Carlisle ṣe ohun kan náà ní London pẹ̀lú irú bátìrì tí Volta ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde fáráyé. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí wọ́n fi ń ṣe háídrójìn "aláwọ̀ ewé" lónìí, ọmọ-ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ni.

Ẹ jẹ́ ká fi yúníìtì ṣírò ó, irú èyí tí à ń rà sínú mítà. Kílò háídrójìn kan kò gbà ju nǹkan bíi lítà omi 9 lọ. Omi kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Iná ni. Ẹ̀rọ tó dáńgájíá á jẹ tó yúníìtì 50 sí 55 kó tó yọ kílò kan jáde lára omi, bẹ́ẹ̀ agbára tí ẹ̀rọ lè rí lò nínú kílò náà kò ju bíi yúníìtì 33 lọ. Ọkọ̀ kò tíì kúrò lójú kan, èlé ti wọlé.

Ó tún ku kí wọ́n kì í sínú táǹkì. Kílò kan rẹ̀, tí wọ́n bá tú u sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, á gba àyè tó ju lítà 11,000 lọ. Kó tó lè wọ ìdí ọkọ̀, wọ́n ń fún un mọ́lẹ̀ títí dé ìwọ̀n 700 bar. Fọkanáísà tó ń fẹ́ táyà yín ní Ojúẹlẹ́gbà kì í sábà kọjá 2 tàbí 3. Sìlíńdà CNG tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ kiri báyìí, nǹkan bíi 200 ni. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun á rọ háídrójìn sínú sìlíńdà CNG, ẹ sá fún un. Háídrójìn kéré débi pé ó ń yọ́ gba ihò tí gáàsì mìíràn ò lè gbà, ó máa ń wọ inú irin mìíràn títí irin náà á fi máa sán bí ìkòkò, iná rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú ọ̀sán.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀? Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní fuel cell ló wà níbẹ̀, èyí tí William Grove, ọmọ Wales, ti ṣe irú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1840. Háídrójìn kì í jó nínú rẹ̀ rárá. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà láàárín òun àti ọ́ksíjìn. Awọ náà á jẹ́ kí apá kan háídrójìn kọjá, á sì dá apá kejì, ìyẹn iná ara rẹ̀, padà pé kó lọ gba inú wáyà yípo. Ibi tó ti ń gba inú wáyà kọjá ni mọ́tò ọkọ̀ ti ń rí agbára yí. Àwọn méjèèjì á tún pàdé lódìkejì, wọ́n á dà pọ̀ mọ́ ọ́ksíjìn, wọ́n á di omi, omi á sì máa kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ oníná ni, àfi pé ó ń gbé ilé iná tirẹ̀ kiri. Toyota Mirai, tó gbajúmọ̀ nínú wọn, ń gbé kílò 5.6, ó sì rin nǹkan bíi 640 kìlómítà nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe fún un ní Amẹ́ríkà.

Ká kàn mú un pé kílò kan á gbé ọkọ̀ rin 100 kìlómítà. Yúníìtì 55 nìyẹn, láìtíì ka iná tí wọ́n fi fún un mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ oníbátìrì á fi bíi 20 rin ọ̀nà kan náà. Ní iye tí wọ́n ta iná fún àwọn oníbàárà Band A ní oṣù Keje ọdún 2024, nǹkan bíi náírà 209 fún yúníìtì kan, háídrójìn á gba ohun tó lé ní náírà 11,000 lọ́wọ́ yín, bátìrì á gba bíi 4,200. Ẹ wo mẹ́ruwà tó ń ti kẹ̀kẹ́ kiri Mushin. Ó ń gbé omi wá ni, kò gbẹ́ kànga. Háídrójìn dà bíi kẹ́ẹ̀gì orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀: agbára tó ti ibòmíràn wá ló ń gbé, kẹ́ẹ̀gì náà sì tún ń jò lójú ọ̀nà.

Ibí yìí ni mo ti máa ń rántí oṣù Kọkànlá ọdún 2012, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin iléèwé mẹ́rin, ọmọ ọdún 14 àti 15, gbé jẹnẹrétọ̀ kan wá sí àfihàn Maker Faire Africa ní Èkó. Òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé: jẹnẹrétọ̀ tó ń fi ìtọ̀ ṣiṣẹ́, lítà kan fún wákàtí 6! Wọ́n á da ìtọ̀ sínú ẹ̀rọ tí iná ti ń ya háídrójìn kúrò lára rẹ̀, wọ́n á sẹ́ gáàsì náà, wọ́n á gbà á sínú sìlíńdà, wọ́n á fi bórásì olómi gba ọ̀rinrin kúrò lára rẹ̀, kó tó wọ jẹnẹrétọ̀. Ètò náà mọ́gbọ́n dání látòkèdélẹ̀. Àkọlé ìròyìn ló ṣìnà.

Ìtọ̀ kì í ṣe omi lásán o. Yúríà wà nínú rẹ̀, yúríà kò sì tíì jó tán bí omi ṣe jó tán. Ẹ kà á sí eérú tí èédú ṣì ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Láti ya háídrójìn kúrò lára omi, ìwé ìmọ̀ ní kò lè dín ní fólítì 1.23, láti yà á kúrò lára yúríà, 0.37 ni. Gerardine Botte ti ń ṣiṣẹ́ lórí èyí ní Yunifásítì Ohio kí àfihàn Èkó yẹn tó wáyé. Ọgbọ́n gidi wà nínú ọ̀rọ̀ ìtọ̀.

Ṣùgbọ́n èédú náà mélòó ni? Lítà ìtọ̀ kan lè ní nǹkan bíi gíráàmù yúríà 20. Háídrójìn tó wà nínú ìyẹn kò ju gíráàmù 2 lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, tó máa ń fi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún epo rẹ̀ ṣòfò, á fi gíráàmù 2 yìí tan gílóòbù oníwáàtì 10 fún bíi wákàtí kan. Kó tó lè pé wákàtí 6 fún ohun tó ju gílóòbù kan lọ, àfi kí wọ́n ya omi inú ìtọ̀ náà fúnra rẹ̀. Yíya lítà omi kan tán á jẹ tó yúníìtì 6. Ohun tí jẹnẹrétọ̀ á dá padà kò ní pé yúníìtì kan. Mẹ́jọ lẹ fi ra ọ̀kan. Mi ò dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi rárá. Ọmọ ọdún 14 tó mọ bí a ṣe ń kó háídrójìn jọ, tó sì mọ̀ pé ó lè bú gbàmù, yàrá ìwádìí ló yẹ ká fún un. Àwa tó yẹ ká béèrè pé "iná tó ń ya ìtọ̀ yìí, níbo ló ti wá?" la kò béèrè.

Èyí tó pani lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Èkó fúnra rẹ̀ ń ṣe háídrójìn gan-an. Iléeṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 2022, lágbára láti ṣe mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù yúríà 3 lọ́dún. Kò sí yúríà láìsí ammonia, kò sì sí ammonia láìsí háídrójìn. Inú gáàsì ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ń yọ ọ́: wọ́n á po gáàsì pọ̀ mọ́ ooru omi nínú iná tó gbóná ju ìwọ̀n Celsius 700 lọ, háídrójìn á sì yà kúrò. Ohun tí àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn ń tú palẹ̀, ìyẹn yúríà sí háídrójìn, òun ni Lẹ́kkí ń tò pọ̀.

Ọ̀nà gáàsì yìí pọ́ọ́kú lówó ju ti omi lọ, àmọ́ èéfín rẹ̀ pọ̀: kílò háídrójìn kan ń bí nǹkan bíi kílò 9 sí 10 kábọ́ndáyọ́ksáídì, gáàsì tó ń mú kí ayé máa gbóná. Ọ̀nà yìí àti ti èédú ló sì gbòde. Nínú bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 97 tí ayé ṣe ní ọdún 2023, èyí tó mọ́ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkọ̀ tó ń tọ omi mímọ́ ní gbangba, bóyá èéfín rẹ̀ ti jáde síbòmíràn kó tó gbéra.

Ṣé kò wá sí ibi tí háídrójìn ti jẹ́ kànga fúnra rẹ̀ ni? Ó wà, kò sì jìnnà sí wa. Ní ọdún 1987, ní abúlé Bourakébougou lórílẹ̀-èdè Málì, wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ wá omi. Omi kò jáde, atẹ́gùn ló ń fẹ́ bọ̀ láti inú ihò. Ìtàn wọn sọ pé ẹnì kan tó ń mu sìgá bẹ̀rẹ̀ wò ó, ihò náà sì gbiná mọ́ ọn lójú. Wọ́n dí i. Lẹ́yìn ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, iléeṣẹ́ Aliou Diallo ṣí i wò: nǹkan bíi ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ náà, háídrójìn ni. Wọ́n so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, iná sì tàn ní abúlé. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò ni pé omi abẹ́ ilẹ̀ ló bá àpáta tó ní irin pàdé, irin náà dípẹtà, háídrójìn sì jáde. Níbẹ̀ náà, ẹnì kan ló sanwó: irin ni.

Tí ẹ bá ní kí n sọ tèmi, mi ò rò pé kí onídánfó kankan jókòó de háídrójìn. Ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì gba Mushin àti Yaba lọ sí Òyìngbò láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, a lè máa rò ó fún ìyẹn, nítorí inú ohun tó wúwo tó sì ń rin ọ̀nà jíjìn ló ti máa ń rẹ bátìrì. Àní níbẹ̀ pàápàá, àwọn ará Jámánì tó kọ́kọ́ fi irú ọkọ̀ ojú irin bẹ́ẹ̀ kérò ní Bremervörde ní ọdún 2018 ti yíjú sí bátìrì fún àwọn tí wọ́n máa rà lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó jọ pé ó yẹ ká bẹ̀rẹ̀ ni Lẹ́kkí: bí iná oòrùn bá pọ̀ dé ibi tí a ò ti ní rẹ́ni lò ó lọ́sàn-án, ká fi ya omi fún ajílẹ̀. Àmọ́ ìlú tí iná kì í ṣẹ́kù sí kì í jókòó ronú ohun tí yóò fi èyí tó ṣẹ́ kù ṣe.

Nígbà tí mo padà sí Ládípọ̀ lọ gbé ọkọ̀ mi, rewáyà ti so bátìrì mi mọ́ ṣájà. Ó ṣí àwọn ọmọrí rẹ̀ sílẹ̀, omi inú rẹ̀ ń hó. Mo bi í pé kí ló ń hó.

"Gáàsì ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá wá síbí."

Mo ní, "Háídrójìn ni. Epo ọkọ̀ tó o sọ lọ́jọ́sí nìyẹn, inú omi ló ti ń jáde. O ò rí i pé ọ̀fẹ́ ni?"

Ó wo ṣájà, ó wo mítà tó wà lára ògiri, ó wá wò mí. "Ọ̀fẹ́ bí i ti báwo? Yúníìtì mi ló ń jẹ."