Ọmọ tí Kò Gbọ́rọ̀ àti Ọmọ tí Ń Sọ Ìkálẹ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ gbé ọ̀nà tí olùkọ́ Yorùbá nílẹ̀ Ìkálẹ̀ lè gbà ran ọmọ tí ó nílò ẹ̀kọ́ àkànṣe lọ́wọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà ta kókó níbẹ̀, nítorí pé èdè ilé àti Yorùbá àjùmọ̀lò tí a fi ń kọ́ni kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ọmọ tí ó ti ilé wá lè pe iṣẹ́ ní ‘uṣẹ́’, kí ó sì fi ìró gh sí ibi tí àjùmọ̀lò ti ń lo w. Bí ó bá kùnà nínú ìpèkọ, olùkọ́ tí kò gbọ́ ẹ̀ka-èdè náà lè pè é ní olódo. Ọmọ mìíràn wà tí etí rẹ̀ ni kò gbọ́ dáadáa. Òun náà yóò kùnà, orúkọ kan náà ni yóò sì gbà. Ó tilẹ̀ lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ: ‘gbọ́’ ni a fi ń sọ ti etí, òun náà ni ó wà nínú ‘ìgbọràn’, nítorí náà ẹgba ni ọmọ adití sábà máa ń kọ́kọ́ rí.

Kí a fi Ìkálẹ̀ bi ọmọ náà ní ìbéèrè. (Olùkọ́ tí kò gbọ́ ọ lè bẹ ẹni tí ó gbọ́ ọ, kò sí ìtìjú níbẹ̀.) Bí ó bá dáhùn geerege, àjùmọ̀lò ni ó ń bá jà. Bí kò bá dáhùn, kí a dúró sẹ́yìn rẹ̀ pè é, kí ó má rí ẹnu wa. Ti ojú kò le: ẹni tí ń ṣi ọ̀rọ̀ ojú pátákó kọ, tí kì í ṣi ti inú ìwé kọ, ojú rẹ̀ ni kí a fura sí.

Kí a kọ ohun tí a rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí a pe òbí, kí wọ́n sì gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn ní Òkìtìpupa. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀gá ilé-ìwé yóò kọ̀wé sí aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó ní ohun tí ó lè tọ́ka sí: òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 lórí àwọn abirùn, èyí tí a fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, sọ pé kí ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà.

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití wà ní Àkúrẹ́, ti àwọn afọ́jú wà ní Ọ̀wọ̀. Méjèèjì jìnnà sí Ìkálẹ̀, a kò sì lè bá ìyá tí ó kọ̀ láti fi ọmọ kékeré ránṣẹ́ wí. Ọmọ tí ó ṣì ń gbọ́ díẹ̀ lè dúró sọ́dọ̀ wa, bí a bá fi í síwájú, tí a kì í kọjú sí pátákó sọ̀rọ̀.

Ní ti ìdánwò WAEC, afọ́jú lè rí ìbéèrè gbà ní ìwé Braille, a sì lè fi àkókò kún ti ẹni tí ó nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ni yóò sọ ọ́ nígbà ìforúkọsílẹ̀. Ní ọjọ́ ìdánwò, ó ti pẹ́.