Bí Omi Bá Bá Epo Wọ Táǹkì Mọ́tò

Bí mọ́tò bá kúrò ní ilé epo tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì kí ó tó rìn jìnnà, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní jẹ́ẹ̀kì, ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí ni epo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, pàápàá omi tí ó lè wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ òun gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò títí owó yóò fi bọ́ lọ́wọ́ wọn lórí pílọ́ọ̀gì, kọ́ìlì àti pọ́ǹpù tí kò bàjẹ́ rárá. Àyẹ̀wò tí yóò fi omi hàn nínú epo kò gbà ju ìgò gíláàsì kan tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ lọ, pẹ̀lú sùúrù nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, nítorí náà kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kí ó tó wo epo tí ẹ́ńjìnnì náà ń jẹ.

Gbogbo ẹni tí ó bá ti se ọbẹ̀ rí ni ó mọ̀ pé epo pupa a máa léfòó sórí omi. Bákan náà ni ti bẹntiróòlù, nítorí pé lítà kan rẹ̀ kì í wúwo ju nǹkan bí 720 sí 775 gíráàmù lọ, nígbà tí lítà omi kan tó 1,000 gíráàmù. Omi tí ó bá wọ táǹkì yóò rì lọ sí ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ yìí gan-an ni a sì fi ẹnu pọ́ǹpù sí, kí ó lè rí epo fà nígbà tí ó bá ku díẹ̀. Pọ́ǹpù náà, tí iná bátìrì ń yí nínú táǹkì fúnra rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, ni ó ń ti epo gba inú asẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fílítà lọ sí nọ́súlù, ìyẹn ẹnu tóóró tí ó ń fọ́n epo wẹ́wẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Nípa bẹ́ẹ̀, lítà omi kan péré nínú táǹkì tí ó gba lítà 50 tó láti dá mọ́tò dúró, nítorí pé lítà kan yẹn ni pọ́ǹpù yóò kọ́kọ́ bá pàdé, kì í ṣe lítà 49 tí ó wà lórí rẹ̀.

Omi kì í jóná. Nígbà tí nọ́súlù bá fọ́n omi mọ́ epo, pílọ́ọ̀gì yóò ta iná gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n ohun tí iná náà yóò ràn mọ́ kò tó, ooru tí ó sì yẹ kí ó ti písítìn ni omi yóò gbà láti fi di oru, nítorí náà sìlíńdà náà kò ní sa ipá tirẹ̀, mọ́tò yóò sì ta gìrì. Bí omi bá pọ̀ sí i, mọ́tò kò ní lè fà mọ́ nígbà tí a bá tẹ iná sí i, bí ó bá sì pọ̀ jù, yóò kú pátápátá. Iná ẹ́ńjìnnì inú dáṣíbọ́ọ̀dù lè tàn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àléébù yóò sì gbé nọ́ńbà P0300 jáde, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àwọn sìlíńdà kò jó epo dáadáa. Ẹ̀rọ yẹn kò lè sọ pé omi ni ó fà á, níbẹ̀ gan-an sì ni ìnáwó tí kò nídìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó gba ohun tí ẹ̀rọ sọ láìwo epo yóò ní kí wọ́n pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì.

Ọ̀ràn tí ó máa ń rú awakọ̀ lójú jù ni ti mọ́tò tí ó délé láìsí wàhálà kan lálẹ́ tí kò sì dáhùn láàárọ̀. Nígbà tí mọ́tò ń rìn, ìmì ojú ọ̀nà ń da omi àti epo rú nínú táǹkì, pọ́ǹpù sì ń fa omi náà díẹ̀díẹ̀ láàárín epo púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá dúró mọ́jú, gbogbo omi yóò ti rọ̀ wálẹ̀ sójú kan, omi nìkan ni pọ́ǹpù yóò sì fà nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Ìdí kan náà ni mọ́tò fi lè máa sáré geere lórí ilẹ̀ títẹ́jú kí ó sì kú bí ó bá ń gun òkè, torí pé omi inú táǹkì ti ṣàn lọ sí apá ibi tí ẹnu pọ́ǹpù wà.

Ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé pọ̀, wọn kò sì rí bákan náà. Abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn ilé epo ń ri táǹkì wọn mọ́, bí òjò bá sì pọ̀ bí ó ti máa ń pọ̀ ní Èkó ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, àgbàrá lè gba ìdérí tí kò dí dáadáa wọlé, tàbí kí omi abẹ́ ilẹ̀ gba ibi tí irin táǹkì ti dípẹtà jò wọ inú rẹ̀. Ilé epo tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa ki òpá ìwọn bọ táǹkì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà, wọn a sì fi ohun ìkunra kan pa ìdí òpá náà, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà nínú epo ṣùgbọ́n tí ó máa ń yí padà bí ó bá ti kan omi, kí wọ́n lè rí ibi tí omi ga dé nísàlẹ̀. Ẹnu páìpù tí ń fa epo fún oníbàárà kì í kan ilẹ̀ táǹkì, nítorí náà omi díẹ̀ lè wà níbẹ̀ láìṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, àfi nígbà tí táńkà bá dé tí ó ń já epo tuntun sí i, tí gbogbo ohun tí ó ti rọ̀ sílẹ̀ sì ń rú sókè. Ó sàn kí ènìyàn kọjá sí ilé epo mìíràn ju kí ó rà lákòókò náà lọ.

Èyí tí ó wá láti ọwọ́ àwọn tí ń tà lẹ́bàá ọ̀nà tún yàtọ̀, nítorí pé kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi pọn omi lánàá ni wọ́n lè fi ta epo lónìí, pàápàá nígbà tí epo bá wọ́n. Ní Orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí epo tí wọ́n ń pè ní kpayo ti ń wà nínú ìgò lórí tábìlì láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu, ìgò gíláàsì a máa jẹ́ kí oníbàárà rí ìdí epo kí ó tó sanwó, ìyẹn bí wọn kò bá tíì gbọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò mìíràn wà tí ìdérí táǹkì rẹ̀ ti sọnù tí olówó rẹ̀ fi àkísà tàbí ọ̀rá dí i. Òjò kan ṣoṣo lè ba epo tí ó wà nínú irú táǹkì bẹ́ẹ̀ jẹ́, owó ìdérí tuntun kò sì tó owó pọ́ǹpù kan. Ní ti oru afẹ́fẹ́ tí ó máa ń di omi sí ara táǹkì tí kò kún, òótọ́ ni pé ó wà, ṣùgbọ́n omi tí ó lè ti ibẹ̀ wá kò tó nǹkan lára mọ́tò tí à ń lò lójoojúmọ́, kò sì yẹ kí ẹni tí ó ta epo olómi fi í ṣe àwáwí.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i níbi tí a bá ti po ọtí mọ́ epo. Ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí líle tí a fi ìrèké tàbí àgbàdo ṣe, ni wọ́n ń po mọ́ bẹntiróòlù ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà, irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ti di epo àjùmọ̀lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Ọtí yìí a máa gba omi díẹ̀ mọ́ra láìsí ìyọnu, nǹkan bí mílílítà 5 nínú lítà epo kan, ṣùgbọ́n bí omi bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọtí náà yóò fi bẹntiróòlù sílẹ̀, yóò tẹ̀lé omi lọ sí ìsàlẹ̀, tí ohun tí ó wà nídìí táǹkì yóò fi pọ̀ ju omi tí ó wọlé lọ. Nàìjíríà rí irú ewu bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí àjọ NMDPRA, tí ń mójú tó títà epo, kéde pé mẹ́tánọ́ọ̀lù, ọtí mìíràn tí ó tún fẹ́ràn omi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti pọ̀ ju òdiwọ̀n ilẹ̀ yìí lọ nínú díẹ̀ lára epo tí a kó wọlé, tí wọ́n sì ní kí a kó o kúrò lọ́jà. Ní Brazil ẹ̀wẹ̀, ẹ́tánọ́ọ̀lù tí wọ́n ń tà ní ilé epo fúnra rẹ̀ ní omi nínú, mọ́tò tí a ṣe fún un sì ń jó o láìkọsẹ̀, nítorí pé omi náà ti yòrò mọ́ ọtí pátápátá. Omi tí ó dá dúró nídìí táǹkì ni ọ̀tá ẹ́ńjìnnì.

Bí mọ́tò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì lẹ́yìn tí a ra epo, kí awakọ̀ yà á sí ẹ̀bá ọ̀nà kí ó sì pa á, kí ó má sì máa yí kọ́kọ́rọ́ léraléra, nítorí pé ṣe ni yóò máa fa omi sí i títí dé nọ́súlù, bátìrì yóò sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mẹkáníìkì ni yóò gba epo sínú ìgò, nítorí pé epo inú páìpù wà lábẹ́ ìtẹ̀, ó sì lè fọ́n sí ènìyàn lójú tàbí sórí ẹ́ńjìnnì tí ó gbóná bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá tú u. Kí wọ́n gbé ìgò náà kalẹ̀ síbi tí kò mì, jìnnà sí iná àti sìgá. Láìpẹ́, bí omi bá wà níbẹ̀, ìlà kan yóò hàn láàárín ohun méjì: epo lókè, omi nísàlẹ̀, ìdọ̀tí tàbí ìpẹtà a sì máa wà nídìí omi náà nígbà mìíràn. Bí epo bá ṣú bí ẹni pé kùrukùru wà nínú rẹ̀, ìkán omi wẹ́wẹ́ ni ó wà níbẹ̀ tí kò tíì rọ̀. Ohun kan tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ ni ìgò tí ó jẹ́ pé omi nìkan ni ó wà nínú rẹ̀, torí pé kò ní sí ìlà kankan, òórùn epo yóò sì ṣì wà lára rẹ̀. Bí a bá kán omi mímọ́ kan sínú ìgò bẹ́ẹ̀, omi yóò yòrò mọ́ omi. Bí epo ni, ìkán náà yóò rì lọ sí ìdí ìgò ní róbótó, yóò sì dá dúró níbẹ̀.

Bí omi bá ti hàn, fífa táǹkì gbẹ ni ó kù. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń tú páìpù níwájú kí pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ lè fà á jáde, ó sì yára, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹ́ omi kù sí kọ̀rọ̀ táǹkì tí ẹnu pọ́ǹpù kò dé, tí wàhálà yóò fi padà dé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí ó dára jù ni pé kí wọ́n yọ pọ́ǹpù jáde. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò Toyota tí ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, abẹ́ síìtì ẹ̀yìn ni páànù kékeré tí ó bo ibẹ̀ wà, kò sì gba kí a já táǹkì sílẹ̀. A ó kọ́kọ́ yọ orí bátìrì, a ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ lè gba inú mọ́tò kọjá, a ó sì fa ìdí táǹkì gbẹ títí yóò fi mọ́. Kí a pààrọ̀ fílítà, kí a nu pílọ́ọ̀gì gbẹ, kí a da epo tí ó mọ́ sí i, kí a sì jẹ́ kí ohun tí ó kù nínú páìpù dà jáde kí a tó ṣíná. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹnu fa epo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni à ń rí i, nítorí pé epo díẹ̀ tí ó bá gba ọ̀nà èémí lọ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Epo tí a fà jáde kò sì gbọdọ̀ dé inú gọ́tà, kò gbọdọ̀ dé inú àtùpà tàbí sítóòfù ẹnikẹ́ni ní orúkọ kẹrosíìnì. Bẹntiróòlù tí ó wọ inú kẹrosíìnì ti jó ilé, ó sì ti pa ènìyàn.

Àwọn oògùn epo tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré, tí ó sábà jẹ́ pé ọtí ni ó wà nínú wọn, lè gbé ìwọ̀nba omi díẹ̀ gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe nǹkan kan sí omi tí ó tó lítà kan.

Dísẹ́ẹ̀lì ni ibi tí owó ti ń lọ jù. Ìwúwo rẹ̀ súnmọ́ ti omi ju ti bẹntiróòlù lọ, nítorí náà omi kì í tètè rọ̀ kúrò nínú rẹ̀, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín a sì máa hù ní ààlà omi àti epo, wọn a di ẹrẹ̀ dúdú tí ń dí fílítà. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì òde òní ń ti epo pẹ̀lú ìtẹ̀ tí ó lè ju 1,500 bar lọ, nígbà tí afẹ́fẹ́ táyà mọ́tò kékeré kò ju nǹkan bí bar 2 àti ìdajì, epo náà fúnra rẹ̀ ni ó sì ń mú kí irin máa yọ̀ lára irin nínú pọ́ǹpù. Bí omi bá gba ipò epo níbẹ̀, irin yóò máa họ irin. Ìdí nìyí tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ní ike kékeré tí ń ya omi sọ́tọ̀, tí ó ní ìdè nísàlẹ̀ tí a lè tú kí omi ṣàn jáde, iṣẹ́ tí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ fún awakọ̀ tírélà tàbí ẹni tí ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀.

Ẹni tí omi epo bá kọ lù ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó rẹ̀. Kí ó tọ́jú rìsíìtì, kí ó dé ìgò tí ìlà omi hàn nínú rẹ̀ pa, kí ó kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i lára, kí ó sì gba ìwé owó tí mẹkáníìkì gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ilé epo bá kọ̀ láti dáhùn, àjọ FCCPC tí ń jà fún oníbàárà àti àjọ NMDPRA ni a lè fi ẹjọ́ náà sùn. Kí ó tó di ìgbà náà, kí ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n ki òpá ìwọn bọ táǹkì wọn lójú rẹ̀, nítorí pé bí omi bá ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ tí ó tò sẹ́yìn rẹ̀ ni yóò gbé e lọ.