Kí ló lè ṣẹlẹ̀ tí ọwọ́ ilẹ̀kùn jíìpù bá kán, tí onímọ́tò kò tètè pààrọ̀ rẹ̀?

Kì í ṣe ohun tuntun, láti Èkó títí dé Accra, kí èrò dúró sí ẹ̀gbẹ́ jíìpù àtijọ́, kó máa retí kí awakọ̀ na ọwọ́ láti inú wá bá a ṣí ilẹ̀kùn. Ọwọ́ ilẹ̀kùn tó wà níta, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní háńdù, ló ti kán.

Nítorí pé mọ́tò náà ṣì ń rìn, ọ̀pọ̀ onímọ́tò gbà pé kò sí wàhálà. Àwọn mìíràn á fi okùn tàbí wáyà so ó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ilẹ̀kùn tó kán lè sọ ilẹ̀kùn di ògiri lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀ jù.

Ewu wo ló wà níbẹ̀?

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló léwu jù. Ní etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ jíìpù, bọ́tìnnì kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní child lock. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò ní jẹ́ kí ọmọdé ṣí ilẹ̀kùn láti inú nígbà tí mọ́tò bá ń sáré. Tí wọ́n bá ti tì í, ìta nìkan ni ilẹ̀kùn náà ṣeé ṣí.

Tí ọwọ́ ìta bá wá kán, kò sí ẹni tó lè ṣí i mọ́, yálà láti inú tàbí láti ìta. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí kí ọwọ́ tó lè tó bọ́tìnnì ọ̀hún. Tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tàbí tí iná bá sọ, ọmọ tó jókòó lẹ́yìn kò ní rí ibi gbà jáde ní ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹni tó sáré wá láti gbà á là kò sì ní rí ohun tó máa fà.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní ṣíṣe, nígbà tí ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá ti ń mì, ni kí wọ́n ṣí i nígbà tó ṣì ń ṣí, kí wọ́n sì dá bọ́tìnnì child lock padà.

Kí ló ń mú kó kán?

UNEP, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sọ lọ́dún 2020 pé mílíọ̀nù 14 mọ́tò àlòkù ni wọ́n kó láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láàrin ọdún 2015 sí 2018. Púpọ̀ nínú wọn ló wá sí Áfíríkà.

Ṣáájú kí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ tó dé, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín lè ti mú kí irin inú ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Tó bá wá dé ibí, oòrùn á mú kí ike gbẹ, eruku ọyẹ́ á sì wọ inú lọ́ọ̀kì. Bí lọ́ọ̀kì bá ṣe ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn á máa fi agbára fà á, títí tí yóò fi kán.

Irin tí wọ́n yọ́ dà kì í sábà tẹ̀, ńṣe ló máa ń kán lójijì. Àwọn tó ń lo Toyota Sequoia ti ọdún 2001 sí 2007 mọ èyí dáadáa nípa ọwọ́ ilẹ̀kùn búùtù rẹ̀.

Ṣé ọwọ́ ilẹ̀kùn ló bàjẹ́ lóòótọ́?

Ọwọ́ ilẹ̀kùn kò dá ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá fà á, yóò fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ilẹ̀kùn, irin náà ló sì máa tú lọ́ọ̀kì. Kílíìpù ike kékeré ló sábà máa ń di irin yìí mú.

Tí ọwọ́ náà bá wà lódidi, àmọ́ tó rọ̀ gbọ̀jẹ̀gbọ̀jẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kílíìpù ló já. Tó bá ń fà dáadáa ṣùgbọ́n tí ilẹ̀kùn kò ṣí, lọ́ọ̀kì ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹni tó bá sì fi ọwọ́ tuntun sára lọ́ọ̀kì tó ti le, láìfi gíríìsì sí i, yóò tún padà sọ́jà láìpẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀?

Oríṣìí méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n ń fi ìka gbé sókè sábà máa ń ní bóòtù lẹ́yìn. Mẹkáníìkì ní láti tú pákó inú ilẹ̀kùn, kó rọra ṣí ọ̀rá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kó yọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà kúrò, kó tó tú bóòtù. Ọ̀rá yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ padà, torí òun ni kì í jẹ́ kí omi òjò wọ inú mọ́tò.

Èyí tí wọ́n ń fi gbogbo ọwọ́ dì mú rọrùn díẹ̀. Lára púpọ̀ nínú wọn, rọ́bà kékeré kan wà ní etí ilẹ̀kùn tó bo ojú ìdè kan. Tí wọ́n bá tú ìdè náà díẹ̀, ọwọ́ ilẹ̀kùn á ṣeé fà sẹ́yìn, kó sì jáde síta.

Kí ni kí wọ́n wò lọ́jà?

Ní Ládìpọ̀ ní Mushin, ní Nnewi tàbí ní Abossey Okai ní Accra, ohun tó dára jù ni kí oníbàárà mú èyí tó kán dání. Ti ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì, ti iwájú sì lè yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn.

Tí ihò kọ́kọ́rọ́ bá wà lára rẹ̀, kí wọ́n yọ ti àtijọ́ sínú tuntun, kí onímọ́tò má baà máa gbé kọ́kọ́rọ́ méjì kiri. Ní ti ọ̀dà, lára ọ̀pọ̀ Toyota, nọ́ńbà àwọ̀ rẹ̀ wà lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, níbi tí wọ́n kọ C/TR sí.

Kí wọ́n má tíì pa ilẹ̀kùn dé

Àṣìṣe tó ń dá iṣẹ́ padà sẹ́yìn jù ni kí wọ́n gbá ilẹ̀kùn dé kí wọ́n tó dán an wò. Tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà kò bá wọlé dáadáa, ilẹ̀kùn lè má ṣí mọ́, ó sì ṣòro láti tú pákó inú nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní pípadé.

Kí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, kí mẹkáníìkì fi sikirudíráfà ti ẹnu lọ́ọ̀kì bí ẹni pé ilẹ̀kùn ti dé, kó wá fa ọwọ́ tuntun náà. Kó tún un ṣe pẹ̀lú ọwọ́ inú, kó sì dán kọ́kọ́rọ́ wò. Tí lọ́ọ̀kì bá tú nígbà gbogbo, ìgbà yẹn ni kó tó pa ilẹ̀kùn dé.