Ẹ̀fẹ̀ Lọ́jà, Dókítà Ojú Nínú Yàrá

Ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó títí dé Ìmẹ̀kọ, ẹni tó bá dàgbà síbẹ̀ mọ ohun tí Ẹ̀fẹ̀, akọrin eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ń ṣe lóru. Tọmọdé tàgbà á kóra jọ sójà, àlejò á wá láti Kétu níhà kejì bodè. Ẹ̀fẹ̀ á jáde, á júbà àwọn ìyá wa, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí. Ẹni tó kó owó ẹgbẹ́ jẹ, yóò sọ ọ́. Ẹni tó gba ìyàwó oníyàwó, yóò sọ ọ́. Olóyè tó ta ilẹ̀ ẹbí, orin rẹ̀ á dún létí ọmọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bá Ẹ̀fẹ̀ ṣẹjọ́ lórí ohun tó fi kọrin lóru ọjọ́ náà. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́, tí oòrùn yẹ̀ díẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á jó, àwọn àgbà á sì wí pé ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran.

Ẹ̀fẹ̀ yìí ni mo fẹ́ mú lọ́wọ́ wọ yàrá kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ wọ̀, ìyẹn yàrá òkùnkùn tí dókítà ojú ti ń tan iná wo ẹ̀yìn ẹyinjú ènìyàn.

Òtítọ́ ni wọ́n ń wá nínú yàrá yẹn bí wọ́n ṣe ń wá a lọ́jà lóru Ẹ̀fẹ̀, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kò jọra rárá. Àṣírí ẹnì kan ni Ẹ̀fẹ̀ ń sọ létí gbogbo ìlú. Ní ti dókítà, etí ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ sí, kó sì fi bo gbogbo ìlú tó kù. Bó bá fi pa mọ́ fún ẹni tó ni ojú, ó ti ṣẹ̀. Bó bá sọ ọ́ fún ẹni tí kò kàn, ó ti ṣẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tó ń da iṣẹ́ àwọn dókítà ojú láàmú lóde òní, ibẹ̀ ni mo rí i pé ó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ta gààrí ní Ayétòrò. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ kọ nǹkan. Bí ẹ bá jókòó síwájú rẹ̀, á rí yín dáadáa, á ní ẹ ti rù. Ó ń ka owó láìṣì í kà. Ṣùgbọ́n àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, orúnkún ni yóò fi gbá a. Ọmọ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé á mú un ta gìrì, bí ẹni pé inú ilẹ̀ ni ọmọ náà ti yọ. Àwa ní ọjọ́ orí ni. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Ẹnì kan ra oògùn apólò fún un lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì, ó sì ń kán an fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí apólò. Ọdún 1969 ni orúkọ yẹn ti wá: ọdún tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ Apollo gúnlẹ̀ sórí òṣùpá ni ojú pípọ́n kan bẹ́ sílẹ̀ ní Ghana, tó tàn káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àwọn ènìyàn sì so méjèèjì pọ̀. Orúkọ náà kò ṣe nǹkan kan. Oògùn tí à ń rà fún un láìbéèrè ló ń bà mí lẹ́rù. Púpọ̀ nínú wọn ní sitẹ́rọ́ìdì nínú. Ó máa ń mú kí pípọ́n náà lọ kíá, inú wa á dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kán an fún oṣù mélòó kan lè tipa bẹ́ẹ̀ kó àìsàn tó burú ju ojú pípọ́n lọ.

Àìsàn náà ni glọkómà, òun náà ló sì ń ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Omi kan wà tó máa ń sun nínú ẹyinjú, tó sì ń rí ojúṣàn kékeré gbà jáde. Bí ojúṣàn yẹn kò bá gba omi mọ́ dáadáa, omi á pọ̀ nínú, á máa ti ẹ̀yìn ojú, níbi tí iṣan tó ń gbé ohun tí a rí lọ sí ọpọlọ wà. Iṣan náà á máa kú díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, àárín á gbẹ̀yìn. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í dunni, kì í sì í pọ́n. Ẹ rántí ojú tí wọ́n gbẹ́ sára igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́: ó tóbi, ó dán, gbogbo ọjà ló ń wò ó. Ẹni tó gbé igi náà rù kò fi ojú yẹn ríran. Inú aṣọ tó ta sísàlẹ̀ rẹ̀ ló ti ń yọjú wo ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ẹni tó ní glọkómà ṣe máa ń dán lóde, tí ìran sì ń lọ nínú.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọ oògùn, ó ní kó máa kán ẹ̀kán kan lálaalẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bi í pé, "Dókítà, ṣé màá ríran dáadáa?" Dókítà ní, "Ẹ máa ríran, màmá." Ó pe ẹni tó kàn.

Wọ́n ti sọ fún un níbi tó ti ra oògùn náà pé kò gbọ́dọ̀ gbóná. Kò ní fíríjì, bẹ́ẹ̀ ni iná kì í dúró. Ó fi ìgò náà sínú nylon, ó so ó, ó fi í sínú àmù omi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lálaalẹ́ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, á ki ọwọ́ bọ inú àmù, á fi ìdí aṣọ nu ìgò náà, á gbé orí sẹ́yìn, ọmọ ọmọ rẹ̀ á kán an fún un. Oṣù mẹ́ta ló fi ṣe é tí kò jẹ́ kó yẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tó rí i pé ojú kò là jù bó ṣe wà lọ, ó fi í sílẹ̀. Ẹ má bá a wí. Wọ́n ní yóò ríran, kò rí ju ti tẹ́lẹ̀, owó gààrí sì ni oògùn náà ń jẹ.

Nígbà tí a fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn ní Abẹ́òkúta, ojú òsì ti lọ. Obìnrin ni dókítà yìí. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ní: "Màmá, èyí tó ti lọ kò ní padà. Kò sí oògùn tó lè mú un padà, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè mú un padà. Oògùn yìí, ṣe ló máa bá yín ṣọ́ èyí tó kù. Bí ẹ bá ń kán an, tí ojú dúró síbi tó wà, iṣẹ́ ló ń ṣe yẹn." Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Ó dáa. Ó ti yé mi." Láti ọjọ́ náà, kò fi oògùn sílẹ̀ mọ́.

N kò pe dókítà àkọ́kọ́ ní ìkà. Ó fẹ́ tù ú nínú ni, àṣà tiwa náà sì ń tì í lẹ́yìn, torí ọmọ aláìsàn ló sábà máa ń bẹ dókítà pé kó má sọ ohun tó burú fún ìyá òun. Èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, dókítà ojú kò pọ̀ nílẹ̀ wa, àwọn ọ̀dọ́ inú wọn sì ń ré òkun kọjá lọ. Síbẹ̀, ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014 sọ ọ́ kedere ní abala 23: kí wọ́n jẹ́ kí aláìsàn mọ bí ìlera rẹ̀ ṣe wà, ìtọ́jú tó wà, ewu àti iye owó rẹ̀, ní èdè tó gbọ́, bí ó bá ti lè ṣeé ṣe, kí wọ́n sì wo ìwọ̀n ìwé tó kà. Nítorí náà, ìka tí aláìsàn tẹ̀ sórí ìwé ìfọwọ́sí òyìnbó tí ẹnikẹ́ni kò túmọ̀ fún un, ìka lásán ni.

Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, tí wọ́n fi yẹ ojú àwọn ènìyàn tó lé ní 13,000 wò, fi hàn pé nínú àwọn tó ti pé ogójì ọdún sókè, ìdá 4.2 nínú 100 ló fọ́jú. Kataráàtì, èyí tó ń bo ojú bí ìpẹ́, ló fa ìdá 43 nínú rẹ̀, glọkómà fa nǹkan bí ìdá 16. Iṣẹ́ abẹ lè mú ìran ẹni tí kataráàtì fọ́ lójú padà. Ti glọkómà kì í padà, bẹ́ẹ̀ sì ni nínú 100 ènìyàn tí wọ́n bá a lára wọn, kò tó mẹ́wàá tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àìsàn tí ẹni tó ń ṣe kò mọ̀, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ bí dókítà tó mọ̀ kò bá tún sọ ọ́ tán?

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní awakọ̀ ni aláìsàn. Ó ń na Ìlaròó sí Òwódé, ó ń na Ìdí-Ìrókò, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ fàyàwọ́ máa ń sáré gbà lóru láìtan iná. Ó gbé èrò mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Dókítà wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti lọ: ọmọ tó bá sáré bọ́ sí títì, kò lè rí i. Dókítà ní kó fi ọkọ̀ sílẹ̀. Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀: "Dókítà, ẹ ṣàánú mi, ọmọ márùn-ún ni mò ń bọ́. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Abala 26 nínú òfin kan náà ní àṣírí aláìsàn gbọ́dọ̀ wà ní bíbò, àfi bí ó bá fọwọ́ sí i, tàbí bí òfin tàbí kóòtù bá pàṣẹ, tàbí bí pípa á mọ́ bá lè ṣe ìlera gbogbo ènìyàn ní jàǹbá ńlá. Ní Britain, wọ́n ti la ọ̀nà rẹ̀: dókítà á sọ fún aláìsàn pé kó fi tó àjọ DVLA, tó ń fúnni ní ìwé ìwakọ̀, létí. Bó bá kọ̀, tó sì ń wakọ̀ lọ, dókítà á jẹ́ kó mọ̀ pé òun yóò sọ, á sì sọ ọ́ fún àjọ náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, kò sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ní gáréèjì. Ó gba ẹnu Ẹ̀fẹ̀ yá, ṣùgbọ́n etí kan péré ló sọ ọ́ sí.

Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Nílẹ̀ wa, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gba ìwé ìwakọ̀ láìsí ẹni tó wo ojú wọn, bí ìròyìn bá tàn dé gáréèjì pé dókítà ojú ń fi awakọ̀ sùn, awakọ̀ kò ní sún mọ́ ilé ìwòsàn mọ́, ewu á sì pọ̀ sí i. Nítorí náà, èmi gbà pé kí dókítà jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kó bá a wá iṣẹ́ mìíràn tó lè ṣe, kó fi sùúrù rọ̀ ọ́. Bó bá kọ̀ pátápátá, èrò mẹ́rìnlá ju àṣírí kan lọ.

Ìwádìí ojú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà yẹn tún sọ ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi. Nínú gbogbo ojú tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ kataráàtì fún, ìdá 42.7 nínú 100 ni kì í ṣe dókítà ló ṣe é. Àwọn alárìnkiri ni, pàápàá lókè Ọya, tí wọ́n ń fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ti ìpẹ́ náà sẹ́yìn nínú ẹyinjú. Aláìsàn á rí ìmọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á sanwó, á máa dúpẹ́. Kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹni tó ṣe é ti dé ìlú mìíràn. Oníkọlà tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá kọlà fọ́mọ, á padà wá wo ojú egbò, gbogbo àdúgbò ló sì mọ ilé rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bi àwọn dókítà tí wọ́n ń bá olóṣèlú ṣe iṣẹ́ abẹ ojú lọ́fẹ̀ẹ́ léèrè: ta ni yóò wo ojú náà lọ́jọ́ kejì, ta ni yóò wò ó lẹ́yìn oṣù kan, tí wọ́n bá ti ká àsíá olóṣèlú kúrò? Ní Barwani, nílẹ̀ Íńdíà, lọ́dún 2015, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló lọ sí ibùdó iṣẹ́ abẹ ojú lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè ríran, tí kòkòrò wọ ojú wọn níbi iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n sì fọ́jú. Ọ̀fẹ́ dára. Kí wọ́n ka iye ojú tó là àti iye tó bàjẹ́, kí wọ́n sì sọ ọ́ fáráyé.

Bí ẹ bá ń lọ rí dókítà ojú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í ní ìbéèrè kan kí ẹ tó dìde: "Èyí tó ti lọ, ṣé yóò padà àbí kò ní padà?" Ẹ dúró títí tí yóò fi dáhùn ní èdè tó yé yín. Bí glọkómà bá sì wà lójú bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò báyìí, nígbà tí ojú yín ṣì ń ríran, torí ó máa ń wọ́ nínú ìdílé. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ ṣàyẹ̀wò. Wọ́n bá a lójú ọmọ kejì, kò sì tíì mú nǹkan kan lọ lójú rẹ̀.