Ẹ Má Jẹ́ Kí Eruku Ba Ẹ̀rọ Ìgégi Yín Jẹ́: Ọ̀rọ̀ Nípa Asẹ́ Afẹ́fẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú yín, ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ni ẹ ti dá owó jọ láti ra ẹ̀rọ ìgégi. Òun ni ẹ fi ń gé ògbólógbòó igi kòkó tí kò so mọ́, òun sì ni ẹ fi ń la igi tí ìjì bì lulẹ̀ sí ojú ọ̀nà oko. Ẹ̀rọ yìí wúlò gidigidi, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó ń tètè bà á jẹ́ ni eruku. Asẹ́ afẹ́fẹ́, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fílítà, ni a fi sí ẹnu ọ̀nà ẹ́ńjìnnì láti dí eruku náà lọ́wọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí olúkúlùkù ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìgégi mọ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀, àti ìgbà tí ó yẹ kí a fi èyí tí ó dára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀.

Bí ẹ́ńjìnnì náà ti ń mí

Ẹ́ńjìnnì kò lè jó epo láìsí afẹ́fẹ́. Lítà epo bẹntiróòlù kan ṣoṣo yóò fa nǹkan bí 8,000 lítà afẹ́fẹ́ wọlé kí ó tó jó tán. Èyí tó ohun tí ó lè kún dúróòmù ńlá 40. Bí eruku bá wà nínú afẹ́fẹ́ náà, ẹ rò ó wò bí yóò ti pọ̀ tó ní ọjọ́ kan.

Afẹ́fẹ́ yìí pẹ̀lú epo àti ọ́ìlì tí ẹ pò pọ̀ a máa kọ́kọ́ gba inú ikùn ẹ́ńjìnnì kọjá, níbi tí àwọn bíárìnnì wà, kí ó tó dé inú sílíńdà níbi tí písítínì ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ń yí ju ìgbà 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan bí a bá tẹ̀ wọ́n dé òpin. Bí eruku bá wọ ibẹ̀, yóò pò mọ́ ọ́ìlì, yóò sì máa họ irin. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí yanrìn àti omi ń ṣe sí àdá lórí òkúta ìpọ́nrin: díẹ̀díẹ̀ ni irin ń jẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń rí fún písítínì àti sílíńdà.

Asẹ́ tí ó dí àti asẹ́ tí ó ya

Ọ̀nà méjì ni asẹ́ fi ń di ewu. Èkíní ni kí ó dí. Bí ó bá dí, agbára ẹ́ńjìnnì yóò dínkù, èéfín dúdú yóò máa jáde, púlọ́ọ̀gì yóò dúdú, epo yóò sì máa tètè tán. Asẹ́ tí ó dí ń ké sí olówó rẹ̀, ẹni tí ó bá sì fetí sílẹ̀ yóò tún un ṣe.

Èkejì ni kí ó ya, tàbí kí etí rẹ̀ má bá ẹnu ibi tí ó jókòó sí mu. Èyí ni ó burú jù, nítorí pé kò ní ariwo. Ẹ́ńjìnnì yóò máa dún dáadáa nígbà tí eruku ń jẹ ẹ́ run. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ kò fẹ́ dáná mọ́, písítínì àti sílíńdà ti lè jẹ kọjá àtúnṣe.

Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì yọ wáyà kúrò lórí púlọ́ọ̀gì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìdọ̀tí ara ìdérí kúrò, kí ẹ sì ti ṣóòkì pa kí ohunkóhun má bàa já bọ́ sínú kábúrétọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ asẹ́. Ẹ fi aṣọ funfun tí ó mọ́ nu inú asẹ́ náà àti etí ẹnu kábúrétọ̀. Bí aṣọ bá bá eruku jáde, eruku ti ń rí ọ̀nà gbà. Ẹ na asẹ́ sí oòrùn pẹ̀lú: bí ẹ bá rí ihò tàbí ojú ibi tí ó ya, ẹ jù ú nù.

Irú asẹ́ tí ó yẹ kí ẹ lò

Asẹ́ náílọ́ọ̀nù tí a hun bí àwọ̀n rọrùn láti fọ̀, ṣùgbọ́n eruku kíkúnná lè gba ojú rẹ̀ kọjá. Asẹ́ olówùú ń mú eruku tí ó kúnná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ara rẹ̀ lọ sókè lọ sílẹ̀ bí páànù orí ilé ní ojú púpọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà, nítorí náà kì í tètè dí. Àwọn mìíràn tún ní ìbòrí fóòmù tí a fi ọ́ìlì díẹ̀ rin.

Bí ó bá jẹ́ asẹ́ àwọ̀n ni ó wà lára ẹ̀rọ yín, tí ẹ sì ń ṣiṣẹ́ ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ ń gbé eruku wá láti apá Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, tàbí tí ẹ ń gé igi tí ó ti wà nílẹ̀ tí erùpẹ̀ sì mọ́ ọn lára, ó yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí ojú rẹ̀ kún jù. Ṣùgbọ́n ẹ pa òfin mẹ́ta yìí mọ́:

1. Ẹ ra èyí tí a ṣe fún irú ẹ̀rọ yín gan-an. Ẹ má ṣe gé fóòmù ibùsùn tàbí aṣọ dí i.

2. Etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó pinpin. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Gíríìsì fẹ́lẹ́ tí a fi pa etí asẹ́ yóò ràn yín lọ́wọ́.

3. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tún kábúrétọ̀ yẹ̀ wò. Bí asẹ́ tuntun bá ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé ju ti ìṣáájú lọ, epo yóò kéré sí i. Nígbà tí epo bá sì kéré, ọ́ìlì inú rẹ̀ kéré pẹ̀lú, ẹ́ńjìnnì a sì gbóná títí písítínì yóò fi jó. Àwọn ẹ̀rọ tuntun kan wà tí ń ṣe àtúnṣe yìí fúnra wọn.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́

Ẹ yẹ asẹ́ wò ní ìparí iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fọ asẹ́ àwọ̀n, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá. Ẹ fọ fóòmù bákan náà. Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fún un. Ẹ má ṣe fọ asẹ́ oníbébà: ẹ rọra gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti dọ̀tí jù. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn, láti inú sí òde ni kí ẹ ti máa fẹ́ ẹ, jẹ́jẹ́. Ó dára kí ẹ ní asẹ́ méjì, kí ọ̀kan máa gbẹ nígbà tí èkejì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ máa pọ́n ṣéènì pẹ̀lú. Ṣéènì tí ó mú ń gé igi ní ègé-ègé. Èyí tí ó kú ń lọ igi di lẹ́búlẹ́bú, lẹ́búlẹ́bú náà ni ó sì ń dí asẹ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ, kí ó sì máa kọ ọjọ́ tí a fọ asẹ́ àti ọjọ́ tí a pààrọ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kì í pẹ́ bàjẹ́ bí kò bá ní olùtọ́jú. Owó asẹ́ kan kéré púpọ̀ sí owó písítínì àti sílíńdà, ó sì kéré jù lọ sí àdánù ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ sínú oko ní àkókò iṣẹ́. Bí ohun kan bá rú yín lójú nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ tọ òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn tí ó wà ní agbègbè yín lọ.