Ẹ̀wà inú àpò kò ní nọ́ńbà NAFDAC: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ rèé

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, bí ẹ bá ra òróró tàbí ṣúgà ní Adéníji Adélé, ẹ máa ń yẹ ara rẹ̀ wò fún nọ́ńbà NAFDAC. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọdún 1993 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá àjọ náà sílẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili ń darí rẹ̀, láti 2001 sí 2008, ni ọ̀pọ̀ wa kọ́ láti máa wá nọ́ńbà náà kí a tó sanwó. Ẹ tún máa wo ọjọ́ tí oúnjẹ yóò bàjẹ́ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n nínú àpò ní Ẹbúté Ẹrọ̀ kò ní nọ́ńbà kankan. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró, nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sniper. Ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà kò ju mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n rí bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì dé 4.6.

Wọ́n rí tiwọn dá padà níbodè. Ta ni yóò bá wa dá tiwa padà? Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kéékèèké oògùn náà lọ́jà, ṣùgbọ́n ojú wa náà gbọ́dọ̀ là.

Ẹ ra ẹ̀wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀. Bí ó bá ń rùn bí oògùn, ẹ má rà á. Ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ sì da omi rẹ̀ nù. Èyí ń dín oògùn kù, kò kó o tán pátápátá.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀wà sílé, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pinpin. Kòkòrò tí kò rí afẹ́fẹ́ mí yóò kú fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe kán oògùn sí i láé.

Bí ọmọ tàbí àgbàlagbà bá jẹ ẹ̀wà tán, tó ń bì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè mí dáadáa, ẹ má fún un ní epo pupa mu. Ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù.