Láti Pọ̀nmọ́ Dé Ilẹ̀ Yìnyín

Ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ ní ká ṣíwọ́ pọ̀nmọ́ jíjẹ ná. Ọ̀rọ̀ náà ká ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé kí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ máa lọ láìsí pọ̀nmọ́? Áńtíráàsì, àrùn ẹran tó lè ran ènìyàn, ló fà á. Ó bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Gánà ní oṣù kẹfà. Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n bá a nínú oko ẹran kan ní Sùlèjá, Ìpínlẹ̀ Niger.

Ẹ jẹ́ ká fi pọ̀nmọ́ sílẹ̀ ná, ká rìn jìnnà. Lókè pátápátá ní Rọ́ṣíà, létí òkun oníyìnyín, ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Yamal. Àwọn ẹ̀yà Nenets ń da ẹran kiri níbẹ̀. Ohun tí màlúù jẹ́ fún Fúlàní ni reindeer, ẹranko oníwo kan tó jọ àgbọ̀nrín, jẹ́ fún wọn. Òun ló ń fà wọ́n lórí yìnyín, awọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń bo àgọ́, wọ́n sì ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní tútù. Ilẹ̀ ibẹ̀ dì gbagidi látọdúnmọ́dún. Òkè rẹ̀ nìkan ló ń yọ́ ní ìwọ̀nba oṣù tí oòrùn ń ràn.

Láti 1941 ni wọn ò ti rí áńtíráàsì níbẹ̀ mọ́. Ní 2007, wọ́n dá abẹ́rẹ́ àjẹsára dúró. Nígbà tó di 2016, ooru mú dé ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yìnyín inú ilẹ̀ yọ́ wọlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àrùn sì jí. Reindeer tó kú lé ní 2,000. Ọmọkùnrin ọlọ́dún 12 kan bá a lọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó padà sídìí abẹ́rẹ́.

Báwo ni àrùn ṣe lè sùn fún ọdún 75? Bí òkú ẹran bá wà láìlà, jíjẹrà rẹ̀ á pa èyí tó pọ̀ jù nínú kòkòrò áńtíráàsì láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá là á, tí ẹ̀jẹ̀ kan afẹ́fẹ́, kòkòrò náà á fi èèpo líle bora, á wọlẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹlẹ̀ ò pa á, otútù ò pa á. Ní 1942, àwọn ológun Bìrìtìkó dán an wò lára àgùntàn ní erékùṣù Gruinard, Scotland. Nígbà tó yá, wọ́n ní láti po 280 tọ́ọ̀nù formaldehyde, oògùn apakòkòrò kan, mọ́ omi òkun, kí wọ́n fi rin ilẹ̀ náà. 1990 ni wọ́n tó ní ènìyàn lè padà tẹ̀ ẹ́.

Ìdí nìyí tí àníyàn mi fi wà lórí ẹni tó ń bó awọ, tó ń wi í nínú iná, ju ẹni tó ń jẹ pọ̀nmọ́ lọ. Ojú ọgbẹ́ kékeré ti tó fún kòkòrò náà láti wọlé: ibẹ̀ á yún, á wú, á di egbò dúdú tí kì í dunni. Torí pé kò dunni, wọ́n á fojú fò ó, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn penicillin ń wò ó bí wọ́n bá tètè dé ọsibítù.

Mo mọ iye tí màlúù kan ń ná, mo sì mọ̀ pé bó bá ṣubú lójijì, ọ̀bẹ ló ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kò dì bá ń jáde nímú àti nídìí rẹ̀, ẹ má là á. Ẹ pe dókítà ẹran, kí wọ́n sun ún tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ jìnnà. Abẹ́rẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn tó kù wà nílẹ̀: ilé ìwádìí ìṣègùn ẹran ní Vom, Ìpínlẹ̀ Plateau, ló ń ṣe é.